Ọjọ́ tí ẹ̀rín ọmọ mi dá ìlù dúró ní Guanabacoa

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Guanabacoa, àdúgbò kan ní Havana, ní Kúbà, lẹ́nu títí ó ti ń di nǹkan míì. Àbúrò mi tó wà ní Houston ti ń sọ fáwọn èèyàn pé wọ́n lé wa jáde, ẹlòmíì ní wọ́n fẹ́ lu ọmọ mi. Wọn ò lé wa, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan ọmọ. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an kí n lè sinmi.

Èèyàn mẹ́ta ni wá: èmi, màámi, àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13. Manchester là ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo bí i sí. Màámi ti pé 74, tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìbarà l'Abẹ́òkúta, Áńgílíkà látinú ìyá wọn wá, ẹ ò lè fi orin ìjọ ṣeré lójú wọn. Ọmọ fẹ́ òkun, màámi fẹ́ oòrùn tó máa wọ eegun, èmi fẹ́ ibi tí ọ̀gá mi ò ti ní rí mi pè, bá a ṣe dé Kúbà nìyẹn nígbà ìsinmi Àjíǹde 2025. Kí n tó gbàgbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba tẹ́ ẹ sì máa ń yà sí Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti tẹ Kúbà láti oṣù kìíní 2021 ò lè lo ESTA mọ́ o, ìwé àṣẹ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọ Amẹ́ríkà láìgba físà, físà gidi lẹ máa lọ tò fún ní ẹ́ḿbásì. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àbúrò mi ti Houston ò tíì torí ẹ̀ dárí jì mí.

Yàrá méjì la gbà nílé ìdílé kan ní Centro Habana, irú ilé tí wọ́n máa ń lẹ àmì búlúù kan tó dà bí ìdákọ̀ró mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Ìyá onílé ló bá wa wá àwọn tó ń mú àlejò rìn. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí fóònù mi, wọ́n kọ gàdàgbà sókè ẹ̀ pé ọjọ́ kan pẹ̀lú àwọn Yorùbá Kúbà, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, yúrò 45 fún àgbà, 25 fún ọmọdé. Ẹ̀rín pa mí. Èmi tí mo ti wà láàárín Yorùbá láti ọjọ́ tí mo dáyé, èmi náà ni mo wá ń sanwó kí wọ́n lọ fi Yorùbá hàn mí. Màámi ní ṣé wọn ò ní dín in kù fún wa ni, wọ́n ṣáà ní ọmọ ilé kì í sanwó wọlé.

Ohun tí wọ́n ṣèlérí rèé: òpópónà Callejón de Hamel, ilé ẹgbẹ́ Yorùbá tó wà lójú pópó Prado, ọkọ̀ ojú omi lọ sí Regla lódìkejì èbúté, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Guanabacoa, kí wọ́n wá fi oúnjẹ àti ètò òrìṣà gidi parí ẹ̀ nílé ìdílé kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ "gidi" yẹn sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Gáìdì wa dé láàárọ̀ pẹ̀lú Chevrolet àtijọ́ kan tó ti dàgbà ju èmi lọ. Ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún, fìlà funfun, ó so ìdè ewéko àti yẹ́lò mọ́ ọwọ́ òsì, ìdè àwọn onífá nìyẹn. Ọmọ Jàmáíkà tó ń gbé ìlú ọba ló rò pé a jẹ́. Nígbà tí mo ní rárá o, Nàìjíríà, Yorùbá, Abẹ́òkúta, ṣe ló ní kí dírẹ́bà dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí màámi jókòó sí, ó tẹrí ba, ó kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí onífá: "Iboru, iboya, ibochiché." Àti Áńgílíkà àti ohun gbogbo, màámi dáhùn kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ti dáhùn: "Àbọyè, àbọṣíṣẹ." Ni wọ́n bá yáa kọjú sí fèrèsé bí ẹni pé ẹlòmíì ló sọ̀rọ̀. Ẹnu wọn ló yá ju ọkàn wọn lọ lọ́jọ́ yẹn, kì í sì í ṣe ìgbà kan ṣoṣo.

Callejón de Hamel, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Òpópónà tóóró kan ni, Salvador González ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán sára ògiri ibẹ̀ lọ́dún 1990, òrìṣà lókè, òrìṣà nísàlẹ̀, ó fi báàfù àtijọ́ ṣe àga. Ọjọ́ Sunday ni rọ́ḿbà máa ń wáyé níbẹ̀, ọjọ́ Thursday la lọ, nítorí náà àwòrán la wò, ọmọ ya fídíò, a jáde. Ilé ẹgbẹ́ tó wà ní Prado náà, ère òrìṣà ni wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n ga tó èèyàn. Gáìdì ní títí dòní làwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ ìgbà tí Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwádé wá sí Kúbà lọ́dún 1987. Ó bi ọmọ mi pé òrìṣà wo ló ni orí ẹ̀. Ọmọ ní Man City.

Inú mọ́tò yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ọkùnrin yìí mọ nǹkan. Ó ní kí a tó wọkọ̀ ojú omi òun máa ń ṣàdúrà, ló bá ń kà á wéréwéré: kosi ikú, kosi arun, kosi eyó, kosi ofo. Gbogbo ẹ̀ ló ń gun òkè lẹ́yìn bí ọmọ Spéìn ṣe ń sọ̀rọ̀, ó gbà mí níṣẹ́jú kan kí n tó gbọ́ ọ, kò sí ikú, kò sí àrùn, kò sí ẹjọ́, kò sí òfò. Màámi ti ṣe àmín tí tiwọn ti pẹ́.

Ọkọ̀ ojú omi wá dá wa dúró. Epo ò sí. Kò sí ohun tí àìsí epo ò dá dúró lórílẹ̀-èdè yẹn lásìkò tá a lọ, iná ò dúró, bọ́ọ̀sì ò tó. Wákàtí méjì gbáko la fi dúró létí omi, wọ́n sì tún tú báàgì gbogbo èèyàn wò kí wọ́n tó jẹ́ ká wọlé. Ọmọ bi gáìdì pé kí ló fa ìyẹn, ọkọ̀ tí ò rìn ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Gáìdì rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní lóṣù kẹrin 2003 àwọn kan já irú ọkọ̀ yìí gbà, wọ́n fẹ́ wà á lọ Amẹ́ríkà, epo tán lójú òkun, kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ìjọba fi yìnbọn pa mẹ́ta nínú wọn. Ọmọ ò béèrè nǹkan míì mọ́ títí a fi gúnlẹ̀. Mo kọ wákàtí méjì yìí síbí nítorí pé ó wà nínú ohun tó fà á: ọmọ ò tíì jẹ nǹkan láti ìdájí, oòrùn ti pa á, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá bí ọmọ ọdún 13 mọ ibi tí ìyẹn ń lọ.

Regla rèé tí mo fẹ́ràn jù. Ṣọ́ọ̀ṣì ni, etí omi gan-an, màámi sì sáré wọlé nítorí pé wọ́n rí àgbélébùú, wọ́n ní ó ti tó àsìkò tí àwọn máa rí ohun tí àwọn mọ̀. Wọ́n dé iwájú pẹpẹ, wọ́n dúró. Màríà dúdú ló wà níbẹ̀, dúdú bíi kóró iṣin, aṣọ búlúù lọ́rùn ẹ̀, ó gbé ọmọ òyìnbó dání. Màámi wò ó títí, wọ́n ní "Ta ló gbé ọmọ yìí fún wọn tọ́jú?" Gáìdì ní ìyá yìí làwọn ń pè ní Yemayá, pé ní 7 oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún gbogbo Havana ló ń ya wá síbẹ̀, tàwọn taṣọ búlúù àti funfun. Màámi ò fèsì. Ẹ má gbàgbé pé ọmọ Ìbarà ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ti mọ Yemọja ju ibikíbi lọ nìyẹn, odò Ògùn ló ń ṣàn kọjá níbẹ̀, ìyá tó bí ìyá wọn sì máa ń gbé igbá lọ sódò kí ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà á. Gbogbo ìgbà tí mo ti wà láyé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tíì sọ ìyẹn fún mi, ìgbà yẹn náà, ìbínú ni wọ́n fi sọ ọ́.

Igi àràbà kan wà níta ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá jókòó sábẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú òdòdó, sìgá ńlá lẹ́nu ẹlòmíì, wọ́n gbé ọmọláńgidi sórí itan. Gáìdì ní "malaguidí." Mo ní kí ló wí. Ó tún un wí. Màámi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Ọmọláńgidi! Wọ́n ti ju ‘ọ’ iwájú ẹ̀ sínú òkun!" Àtìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Ó ń pe àkùkọ ní akukó, ẹyẹlé ní eyelé, ẹ̀kọ ní ekó, ó wá dórí olelé, màámi ní àwa ará Abẹ́òkúta ò kúkú pè é bẹ́ẹ̀, mọ́ínmọ́ín là ń pè é, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ló ń ní ọ̀lẹ̀lẹ̀. Gáìdì mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tó ti rún. Ọkùnrin tá a sanwó fún kó wá kọ́ wa, òun ló ń kọ̀wé.

Ó fi ọwọ́ júwe ọ̀nà ibi tí Adéṣínà gbé láyé ijọ́un. Remigio Herrera ni orúkọ òyìnbó tí wọ́n fún un, ṣùgbọ́n Adéṣínà ni wọ́n bí i nílé, babaláwo, wọ́n kó o lẹ́rú dé Kúbà ní bí ọdún 1830, ó bọ́ nínú ẹrú, ó kọ́lé sí Regla, ó di àgbà tí gbogbo onífá Kúbà ń ka ìran ẹ̀ títí dòní, ọdún 1905 ló kú. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Kì í ṣe ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀. Ogun tó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé, tó lé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ, òun náà ló kó àwọn èèyàn yìí sínú ọkọ̀, nígbà tí oko ìrèké Kúbà ń wá ọwọ́ tó máa ṣiṣẹ́. Spéìn ti bá Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ síwèé lọ́dún 1817 pé òun máa jáwọ́, kò jáwọ́, wọ́n ń kó o wọlé dé nǹkan bí ọdún 1860 ó lé, ọdún 1886 ni wọ́n tó fòpin sí ẹrú pátápátá níbẹ̀. Màámi ní Adéṣínà kan wà ládùúgbò àwọn, ó ń ta páànù.

Ó dìgbà tá a dé Guanabacoa, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti tì. Iná ò sí, wọ́n ti lọlé. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ sanwó jù nìyẹn, torí mo ti gbọ́ pé ẹrù àwọn àgbà tó kún ibẹ̀ pọ̀. Gáìdì bẹ̀bẹ̀. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ó burú, inú mi ti ń gbóná.

Ilé ìdílé yẹn wá kàn. Àgbàlá ńlá, ilẹ̀ amọ̀ pupa, àga bíi mẹ́wàá. Àlejò mẹ́rin míì ti wà níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ òyìnbó. Ìyá àgbà onílé jókòó sórí àga tó ń mì, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, aṣọ funfun gbòò, ìlẹ̀kẹ̀ búlúù àti funfun lọ́rùn. Ọmọ Yemayá ni wọ́n. Oúnjẹ ò tíì jinná, wọ́n ní ìlù ló máa ṣáájú, mo rí bí ojú ọmọ mi ṣe yí padà nígbà tó gbọ́ ìyẹn.

Àwọn onílù mẹ́ta jókòó, bàtá lórí itan: Iyá láàárín, Itótele lápá kan, Okónkolo kékeré lápá kejì. Màámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, wọ́n ní "Bílálà wọn ńkọ́?" Nílé lọ́dọ̀ wa, awọ ni wọ́n fi ń na ojú kékeré, ṣáṣá. Tàwọn yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu ojú méjèèjì, ojú ńlá ni enú, ojú kékeré ni chachá. Enú, ẹnu. Chachá, ṣáṣá. Màámi kàn ń mi orí. Gáìdì wá sọ òótọ́ kan tó mú mi gbà pé èèyàn gidi ni, ó ní kì í ṣe ìlù tí wọ́n fi Añá, òrìṣà ìlù tí àwa ń pè ní Àyàn, sínú ẹ̀ nìyí o, ìyẹn kì í jáde fún àlejò tó sanwó, aberikulá la máa gbọ́, ìlù tí wọn ò ṣe nǹkan sí. Ètò òrìṣà "gidi" tí wọ́n kọ sínú ìwé ti fọ́ nìyẹn. Inú èmi dùn sí i ní tèmi, ta ló máa fẹ́ kí wọ́n gbé Àyàn síta nítorí yúrò 45? Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé nígbà náà.

Wọ́n lù fún Elegguá, wọ́n lù fún Ogún, ó dùn, mi ò purọ́. Nígbà tó kan Yemayá, ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè pé àwọn fúnra àwọn máa gbé e. Ohùn wọn ti há, ó sì ṣe tín-ín-rín, gbogbo wa dákẹ́. Ibẹ̀ ni iná lọ. Àgbàlá ṣókùnkùn biribiri, kò sẹ́ni tó pariwo, wọ́n ti mọ́ra bíi tiwa, ìlù ò tilẹ̀ dúró. Wọ́n kọ ọ́ lọ nínú òkùnkùn: Yemayá olodo, olodo Yemayá.

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ẹ̀rín kékeré tí èèyàn lè fi ikọ́ bò o. Ẹ̀rín ọmọ tí ebi ń pa, tí ohùn ẹ̀ ti ń di ti ọkùnrin, tó tìtorí òkùnkùn rò pé wọn ò rí òun. Ó wá sọ ọ́ síta, kò sì rọra sọ ọ́: "Mọ́mì, wọ́n ń pe obìnrin yẹn ní olódo!"

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Yorùbá tí ọmọ yìí mọ̀ ò ju èyí tí mo fi ń bá a wí lọ: wá jẹun, dákẹ́, ṣé orí ẹ pé, olódo. Tó bá gbé ìwé ìṣirò wá fún mi, tí mo rí ohun tó kọ síbẹ̀, olódo ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Kò mọ odò. Kò tíì rí Ògùn rí. Òdo tí tíṣà ń fi íǹkì pupa kọ nìkan ló mọ̀.

Ìyá àgbà gbé ọwọ́. Ìlù dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, Okónkolo ló dúró kẹ́yìn, ó tún ta tó méjì lẹ́yìn àwọn tó kù kó tó mọ̀. Ẹnì kan gbé iná oníbátìrì wá, wọ́n gbé e sílẹ̀ láàárín wa, ojú gbogbo èèyàn wá ń tan láti ìsàlẹ̀. Ìyá sọ nǹkan kan fún gáìdì lédè Spéìn. Gáìdì ò fẹ́ túmọ̀ ẹ̀, mo rí i lójú ẹ̀, ó ṣáà wá sọ ọ́: wọ́n fẹ́ mọ ohun tó pa ọmọkùnrin lẹ́rìn-ín.

Mo ti mú irọ́ kan sílẹ̀, mo fẹ́ ní àdán ló fò kọjá lórí ẹ̀. Màámi di ọwọ́ mi mú. "Sọ òótọ́ fún wọn. Àgbà ni wọ́n." Mo bá sọ ọ́, mo sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa tó jọ èyí tí wọ́n kọ, pé ẹni tí ò mọ̀wé là ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tó gba òdo nínú ìdánwò. Gáìdì túmọ̀ ẹ̀. Onílù tó gbé Iyá, ọmọ ọmọ wọn ni, ó pòṣé. Ìyá ò pòṣé. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ títí, wọ́n wá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gáìdì ń túmọ̀ tẹ̀lé e. Ìyá tó bí ìyá wọn ló kọ́ wọn lórin náà. Ìyẹn kọ́ ọ lọ́wọ́ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá. Wọ́n ní ṣé láti ìgbà náà ni àwọn ti ń bú ìyá àwọn?

Mo ti kà nípa ojútì, mo ti rí i, mi ò tíì jókòó sínú ẹ̀ báyẹn rí.

Màámi dìde. Wọ́n ní "Ẹ̀gbọ́n mi, rárá o." Ohùn tíṣà ni wọ́n fi sọ ọ́, mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni, pé ọ̀rọ̀ méjì ni, lẹ́tà ló pa wọ́n pọ̀, ohùn ló yà wọ́n. Wọ́n wá ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì: olódò, re mí dò, ẹni tó ni odò. Olódo, re mí re, ọmọ ọmọ tèmi tó jókòó yìí. Gáìdì rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà ò tíì rẹ́rìn-ín. Màámi bá yí sí onílù tó pòṣé, wọ́n ní kó lù ú. Kò kọ́kọ́ dá wọn lóhùn. Wọ́n fi ẹnu kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, re mí dò, wọ́n nawọ́ sí ẹnu ìlù pé ibẹ̀ ni dò wà. Ó gbìyànjú ẹ̀, enú tó fọwọ́ pa, chachá, enú tó là sílẹ̀. Ó tún un lù. Ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá nínú àgbàlá yẹn, ìyẹn èèyàn méjì àtààbọ̀, gbọ́ ọ kedere: o-ló-dò. Ọmọkùnrin yẹn wo ìlù ọwọ́ ẹ̀ bí ẹni pé ajá ilé ẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà wá gbìyànjú ẹ̀ lẹ́nu. Tí wọ́n bá sọ ọ́ lásán, ó ń wálẹ̀. Tí wọ́n bá fi orin sí i, orin á tún gbé e dúró sókè, dó, dó. Wọ́n ṣe é tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún, wọ́n wá tẹ́ ọwọ́ pé àwọn ò lè yí orin padà lọ́jọ́ alẹ́. Màámi ní kí wọ́n má yí i. Wọ́n ní ní ṣọ́ọ̀ṣì tàwọn l'Abẹ́òkúta, ohùn orin gẹ̀ẹ́sì làwọn fi ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, àwọn á ní àwọn fẹ́ kọ ọkọ̀, ó ti di ọkọ́ lẹ́nu àwọn, àwọn sì ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ẹni tó ń gbọ́ tàwọn á gbọ́ tiyín náà. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn pẹ̀lú etí mi. Nígbà tá a padà dé Manchester wọ́n ní àwọn ò sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, gáìdì ló fi kún un.

Ìyá àgbà wá pe ọmọ mi. Ó lọ, ó kúnlẹ̀, ẹ̀rù ti bà á débi tó fi rántí ìdọ̀bálẹ̀ ní ìdajì. Wọ́n di etí ẹ̀ mú díẹ̀, kì í ṣe kó dùn ún, wọ́n bi í pé ta ló ń pè é ní olódo. Gáìdì túmọ̀ ẹ̀. Ọmọ náà yíjú padà, ó nawọ́ sí mi.

Gbogbo àgbàlá wò mí. Àwọn òyìnbó mẹ́rin náà wò mí, wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iná yàn án pé àsìkò yẹn lòun máa padà dé, màámi sì pariwo "Up NEPA!" bí ẹni tó wà ní Ìbarà, wọ́n wá rí i pé kò sẹ́ni tó bá wọn pa á pọ̀. Ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín báyìí, ẹ̀rín tí ò ní eyín. Wọ́n sọ̀rọ̀ kan fún gáìdì, gáìdì sọ ọ́ fún mi: wọ́n ní kí n wá ọ̀rọ̀ míì tí mo máa fi bú ọmọ, kí n fi èyí sílẹ̀ fún Yemayá, ó sún mọ́ ilé ẹ̀ jù. Mo ní mo gbọ́, mà. Mo kúnlẹ̀ sọ ọ́, eékún méjèèjì, lórí ilẹ̀ amọ̀, níwájú ọmọ mi.

Oúnjẹ dé lẹ́yìn ìyẹn, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà dúdú sè, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, àti akará tí wọ́n fi ẹ̀wà funfun dín, ó le ju tiwa lọ, kò sì ní ata rárá. Ọmọ jẹ àwo mẹ́ta. Wọ́n gé bàrà olómi fún wa, ègé méje, nítorí pé méje ni nọ́ńbà Yemayá. Màámi jẹ ẹyọ kan, wọ́n ní èso ni èso ń jẹ́.

Ní ti owó, mo kọ̀wé sáwọn tó ṣètò ẹ̀, mo ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tì, àti pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ "gidi" kúrò nínú ìwé wọn torí irọ́ ni, gáìdì wọn gan-an mọ̀ pé irọ́ ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé gáìdì ò ṣẹ̀ wá. Wọ́n dá yúrò 20 padà. Ọ̀rọ̀ "gidi" ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo wò ó kẹ́yìn. Owó tí mo fún ìyá àgbà àti àwọn onílù yàtọ̀, èmi ni mo fínnúfíndọ̀ fún wọn, ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Mi ò tíì pe ọmọ yìí ní olódo láti ìgbà yẹn, kì í ṣe pé mo ti yí padà o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gba 31 nínú 100, ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi, mo ti sọ "oló..." Ó ti gbé ojú sókè láti ìdí fóònù ẹ̀. Ó ní, "Dò, mọ́mì. Ẹ fi dò parí ẹ̀."